Ọ̀nà Méjì sí Bétérou

Àlàmísì, 3 oṣù kẹrin, 2025

Ìwé tuntun. Mo rà á ní Tchatchou, mo ní iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe. Irọ́ ni. Mo ń wá ẹni tí yóò gbọ́ mi láìdá mi lóhùn. Ìwọ náà nù un.

Ọdún méjì rèé tí mo ti ń jẹ́ Ìyàwó nínú agboolé yìí. Latifou ọkọ mi bá mi gbé oṣù mẹ́rin péré, ó gba Libreville lọ wáṣẹ́, ó fi mí ti ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ — nínú ìwé yìí Ìjọba ni mo máa pè é. Kò sí ohun tí kò láṣẹ lé lórí, títí kan ìgbà tí mo máa wẹ̀. Akọ̀wé ni àbúrò ọkọ mi. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sílé kí n tó dé, ọkọ mi lòun náà nìyẹn, orúkọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu mi. Akọ̀wé ni mo fi ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i lójoojúmọ́.

Wọn kì í pe orúkọ tèmi náà. Ìyàwó, omi. Ìyàwó, iyọ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà mìíràn ó ń ṣe mí bíi pé wọn ò sọ mí lórúkọ rí.

Ṣùgbọ́n inú mi dùn lónìí, walahi. Ẹgbẹ́ àwọn oníkajú gbà kí n fi ẹ̀rọ so ibi òṣùwọ̀n wọn mẹ́rin pọ̀ mọ́ra: Tchaourou níbí, Tchatchou, Alafiarou, Bétérou. Tí wọ́n bá ti wọn kajú tán níbikíbi, ìwé ìwọ̀n á dé búrò lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ ẹrù á gbéra. Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyí kí wọ́n tó gbé mi níyàwó! Tonton Yacoub, ọ̀gá ẹ̀rọ wọn ní Parakou, sọ ọ́ lójú mi: tí ìparí oṣù bá pé, òun á wá fọwọ́ ara òun gé ọ̀nà kan wò. Tí ìwé ìwọ̀n bá gba ọ̀nà mìíràn fúnra rẹ̀, iṣẹ́ wà fún mi ní Parakou, pẹ̀lú yàrá.

Yàrá! Ilẹ̀kùn tí èmi fúnra mi á máa tì.

Ìjọba gbà. Ṣùgbọ́n ó ní Akọ̀wé gbọ́dọ̀ bá mi ṣe é, pé ìyàwó ilé kan kì í dá gun moto wọ oko. Akọ̀wé ṣe formation oṣù mẹ́ta, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ordinateur, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ó tó bẹ́ẹ̀ lójú ìyá rẹ̀.


Sátidé, 5 oṣù kẹrin

Tchaourou àti Tchatchou ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ jó nínú búrò náà.

Mo ṣàlàyé fún Akọ̀wé bí OSPF, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ náà fi ń wá ọ̀nà, ṣe ń ṣe é. Mo ní routeur, ẹ̀rọ tó ń tọ́ iṣẹ́ sọ́nà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, dà bí ará àdúgbò. Ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, ọ̀kan á kí èkejì: mo wà ńbí o, àwọn ọ̀nà tí mo mọ̀ nìyí. Tí ogójì bá kọjá tí kò gbọ́ ìkíni, á ní onítọ̀hún ti kú, á wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ẹnikẹ́ni ò ní láti rán an. Ohun kan ṣoṣo ló le níbẹ̀: àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí iye ìgbà tí wọ́n á máa kí ara wọn. Tí ti ọ̀kan bá jẹ́ mẹ́wàá, tí ti èkejì jẹ́ nǹkan mìíràn, wọn ò ní bára wọn ṣe láéláé, bí wọ́n tilẹ̀ ń wo ara wọn lójú.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó ní, Ìyàwó, kí ni wọ́n ń kí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ fún, ṣé wọn ò níṣẹ́ ni?

Ẹ wo ẹnu ẹni tí mò ń kúnlẹ̀ kí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́.


Àtìnì, 7 oṣù kẹrin

Alafiarou tán. Orí òpó antenne ni mo wà nígbà tí Ìjọba pè mí lórí fóònù pé níbo ni mo fi ọmọ orógùn ìgbá sí. Mo ní ẹ̀yìn ìkòkò dúdú. Ó ní kí n má pẹ́.


Àlàrùbá, 9 oṣù kẹrin

Bétérou ló kù. Ibẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, torí ibẹ̀ ni kajú ti pọ̀ jù. Ọ̀nà méjì ni mo yà fún un. Ọ̀kan wá tààrà sí Tchaourou, ìkejì gba ẹ̀bùrú láti Alafiarou. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbé e.

N kò lọ. Àlejò ń bọ̀ láti Savè, Ìjọba ní ta ni yóò gúnyán. Akọ̀wé nìkan ló gun moto lọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí bébà fún un, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, bí ẹni kọ̀wé sí ọmọ ilé-ìwé. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ohunkóhun, ẹ má fi ohunkóhun kún un.

Mo gúnyán. Ọkàn mi wà ní Bétérou.


Àlàmísì, 10 oṣù kẹrin

Mo jókòó ní búrò láàárọ̀, mo wò ó. Bétérou wọlé! Àlùhámdúlílà. Mo tún un wò — ẹ̀bùrú nìkan ló ń gbà wọlé. Ọ̀nà tààrà ṣí sílẹ̀ gbayawu, antenne méjèèjì ń rí ara wọn, àwọn routeur ò sì bára wọn ṣe. Mo tú àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò. Lórí ọ̀nà tààrà, ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá ni Bétérou ń kí wa sí.

Ọgọ́ta! Mo kọ mẹ́wàá sí bébà náà. Mo fi ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ wọlé síbẹ̀ láti ibí kí n tún un ṣe. Akọ̀wé ti yí mot de passe padà, ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé. N kò lè wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè yí ti ìhín sí ọgọ́ta bá a, torí Tonton ń wo ti Tchaourou láti Parakou, mẹ́wàá ló sì pàṣẹ níbi gbogbo.

Mo délé, mo kúnlẹ̀, mo fi ọgbọ́n sọ ọ́. Mo ní Akọ̀wé, ará Bétérou mà ń pẹ́ kí wa o. Ojú rẹ̀ tàn: òun ló dín ìkíni náà kù, ó ń jẹ agbára réseau, ìsokọ́ra wa, òun rò pé mo máa yin òun ni. Mot de passe ńkọ́? Ó ní ti òun ni Bétérou, kí n fọkàn balẹ̀. Ìjọba wà lórí ẹní níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì, ó ní, ọmọ mi gbọ́n.

Kí ni kí n wí? Kí n sọ fún ọkọ pé ó ṣi ṣe, lójú ìyá rẹ̀? Mo dìde, mo lọ da omi sí ìkòkò.


Jímọ̀, 11 oṣù kẹrin

Tonton Yacoub ní kí n fi ìwé ránṣẹ́ lónìí. Ibùdó kọ̀ọ̀kan, iye ọ̀nà tó ní.

Tchatchou: ọ̀kan. Alafiarou: méjì. Mo dé orí Bétérou, mo dúró. Tí mo bá kọ ọ̀kan, á béèrè ìdí. Tí mo bá sọ ìdí, mo ti dá ọmọ ilé lẹ́jọ́ níta nìyẹn, mi ò ní lè fẹsẹ̀ tẹ àgbàlá yẹn mọ́.

Méjì. Mo kọ méjì, mo fọwọ́ sí i.

Ó ṣá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀bùrú gbé e. Tó bá yá, màá fi pẹ̀lẹ́tù gba mot de passe náà lọ́wọ́ rẹ̀.


Sátidé, 12 oṣù kẹrin

Latifou pè. Ó ní ṣe sùúrù. Ó ti di ìkíni lẹ́nu rẹ̀.


Àtàláátà, 15 oṣù kẹrin

Yéè! Ìjì jà lánàá lẹ́yìn Àsárì. Òpó Alafiarou wó lulẹ̀, ó wó lé orí igi mángòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alafiarou kú. Bétérou bá a kú, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń gbà.

Tata Fatoumata, ẹni tó ń wọn kajú ní Bétérou, pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ìwé ìwọ̀n ò lọ. Láìsí ìwé ìwọ̀n, àwọn ọlọ́kọ̀ ò gbà láti gbéra. Àpò kajú wà níta nílẹ̀ẹ́lẹ̀, òjò sì tún ń ṣú. Ó ní, ìwọ lo sọ fún wa pé ọ̀nà méjì ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Tata. Ó ní, ìkejì dà?


Àlàrùbá, 16 oṣù kẹrin

Òjò pa wọ́n. Àádóje àpò. Ọ̀gbẹ́ni kan sọ pé gbogbo ohun tí òun kó lóko lọ́dún yìí ló wà níbẹ̀, ó ti ń hu òórùn. Tata Fatoumata gbé fóònù sí i létí kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn ń béèrè bóyá oòrùn á lè gbẹ ẹ́.




Àlàmísì, 17 oṣù kẹrin

Ìjọba pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó fún mi ní àga. Kò fún mi ní àga rí — mo mọ̀ pé ọ̀ràn ń bọ̀.

Ó ní Tonton ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní àṣírí ilé, ilé ní í gbé. Ó ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíràn. Ìyẹn ni pé, èmi ni ọmọ ẹlòmíràn. Ó ní Akọ̀wé ṣì kéré, bí wọ́n bá bà á lórúkọ jẹ́ báyìí kò ní ríṣẹ́ mọ́; ìwọ ti lọ́kọ, kí lo tún ń wá? Ó wá gbé fóònù fún mi. Latifou ti wà lórí rẹ̀, ó ń dúró. Gbà á sọ́rùn, jọ̀ọ́, ó ní. Nítorí mi.

Ìyá níwájú, ọkọ létí, àbúrò ọkọ lẹ́nu ọ̀nà. Ibo ni kí n gbà?


Sátidé, 19 oṣù kẹrin

Tonton Yacoub gbé ìwé mi sórí tábìlì. Ó ní, Madame Latifou, ta ló kọ méjì síbí?

Mo ní èmi ni.

Òótọ́ sì ni. Ìyẹn ló ń dùn mí jù: n kò tilẹ̀ parọ́. Akọ̀wé wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Tonton ní kí ló fà á tí ọ̀nà tààrà ò ṣiṣẹ́, mo ní mo máa wò ó. Ó ní ẹni tó bá lè parọ́ fún òun lórí bébà, òun ò lè fi ọ̀nà kankan lé e lọ́wọ́. Ó ní ipò Parakou ti bọ́. Ó yíjú sí Akọ̀wé: ìwọ ńkọ́, o lè ṣe é? Akọ̀wé ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni! Ó yá a lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Tonton ní òun á wá ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù yìí, wọ́n á ti gbé òpó Alafiarou nàró. Òun á gé ọ̀nà kan. Akọ̀wé ni yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ. Tó bá yege, ó di ti Parakou.


Àtìnì, 21 oṣù kẹrin

Wọ́n pa adìyẹ méjì fún Akọ̀wé. Ta ló tu ìyẹ́ rẹ̀? Èmi náà ni.

Inú ń bí mi. Mo kọ ọ́ báyìí kí n lè rí i lójú: inú ń bí mi.


Àlàmísì, 24 oṣù kẹrin

Akọ̀wé wá bá mi nídìí ààrò. Ó lóṣòó. Ó na bébà kékeré kan sí mi, mot de passe Bétérou ló wà nínú rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní Ìyàwó, bá mi tún nǹkan yẹn ṣe kí Tonton tó dé. Ọgọ́ta yẹn. Àti ọjọ́ kejì tí mo ti dé láti Bétérou ni mo ti mọ̀ pé ọgọ́ta yẹn ló dí ọ̀nà tààrà, ojú ló ń tì mí.

Àṣé ó mọ̀! Ó mọ̀ nígbà tí òjò ń pa àpò. Ó mọ̀ nígbà tí Tonton bi mí. Ó mọ̀, ó sì jẹ itan adìyẹ.

Mo gba bébà náà. Mo fi í sínú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí.


Jímọ̀, 25 oṣù kẹrin

Antenne tààrà méjèèjì ṣì ń rí ara wọn; mo gba ibẹ̀ wọ routeur Bétérou láti búrò. Ọgọ́ta náà nìyẹn, ó jókòó síbẹ̀. Mo kọ mẹ́wàá. Ó ku bọ́tìnnì kan ṣoṣo kí n tẹ̀.

Mo ronú bí ayé mi ṣe máa rí lẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé á yege. Á lọ Parakou. Nígbàkígbà tó bá ṣi ṣe níbẹ̀, á pè mí, màá máa tún un ṣe láti ìdí ààrò, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀bùrú ni mo jẹ́ nínú ilé yìí. Gbogbo wọn ń gba orí mi kọjá.

Mo pa mẹ́wàá náà rẹ́. Mo jáde.

Ó bi mí nírọ̀lẹ́ pé ṣé ó ti tán. Mo ní mo ti rí i.


Àláàdì, 27 oṣù kẹrin

Mo fọ gbogbo aṣọ mi. Mo ká wọn.


Àtàláátà, 29 oṣù kẹrin

Ọ̀la ni. Mo pe Tata Fatoumata, mo ní kó má wọn nǹkan kan kó tó di ọ̀sán, kó kó gbogbo àpò wọlé. Ó ní kí ló dé? Mo ní ẹ ṣáà bá mi kó wọn wọlé, ẹ jọ̀ọ́. Ó ní òun ti gbọ́. Mo tún pè é, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kajú ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún tutù nítorí ẹjọ́ ilé wa.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a — wọ́n ń sọ ọ́ bíi pé ó rọrùn fún ẹni tó máa gbé òtítọ́ náà rìn. Ìjọba ní òun á tẹ̀ lé wa lọ, òun fẹ́ fojú ara òun rí i bí ọmọ òun ṣe máa yege. Ó ti yọ ìró tó fi lọ sí Mẹ́kà síta.


Àlàrùbá, 30 oṣù kẹrin

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má fi nǹkan kan kún un.

Aago mẹ́wàá àárọ̀. Akọ̀wé jókòó sídìí ẹ̀rọ, Ìjọba wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tonton pe Alafiarou pé kí wọ́n pa á. Wọ́n pa á. Ó ní ó yá, fi Bétérou hàn mí.

A ń wò. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá kọjá. Bétérou pòórá.

Akọ̀wé tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún. Ó yíjú wò mí, ojú rẹ̀ tóbi. Mo dúró síbi tí mo wà. Tonton ní kí ló ṣẹlẹ̀? Àfi bí Akọ̀wé ṣe nawọ́ sí mi: Ìyàwó wa ló ṣe Bétérou, òun ni kí ẹ bi.

Ìjọba ń wò mí. Ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń sọ pé gbà bẹ́ẹ̀, gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ.

Mo ní, Chérifou ni, Tonton. Chérifou ló fi ọgọ́ta síbẹ̀ níbi tí mo ti kọ mẹ́wàá fún un. Èmi ni mo parọ́ bò ó lórí bébà. Mot de passe rẹ̀ rèé.

Tẹ̀sùbáà já bọ́ lọ́wọ́ Ìjọba. Kì í ṣe nítorí ọgọ́ta. Nítorí orúkọ náà ni, tí ó jáde lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀mejì níwájú àlejò. Ó dà bíi pé mo gbá a létí.

Tonton gba bébà náà, ó ní kí n jókòó. Chérifou dìde fún mi. Mo gba orí antenne tààrà wọlé sí Bétérou, mo kọ mẹ́wàá, mo tẹ bọ́tìnnì. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Bétérou fi kí wa, a kí i padà, ó wọlé gba ọ̀nà tààrà. Gbogbo wàhálà oṣù kan nìyẹn. Tonton ò yìn mí. Ó ní, ìwọ náà purọ́ fún mi, n kò gbàgbé. Wá rí mi ní Parakou lọ́jọ́ Àtìnì, n kò ṣèlérí ohunkóhun.

Wọ́n ti ṣáájú mi délé. Mo bá gbogbo wọn nínú àgbàlá. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe mi, mo ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mo dé o. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ń kà á nínú ara mi láìmọ̀ pé mò ń kà á. Mẹ́wàá. Ogún. Chérifou ń wo ilẹ̀. Ọgbọ̀n. Orókún mi ń ro mí. Ogójì.

Mo dìde.

Ìgbà náà ni Ìjọba lanu. Ó ní, Zoulfath.

Ọdún méjì. Orúkọ mi ò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ẹkún fẹ́ bọ́ lójú mi, n kò sì mọ èwo ni mo fẹ́ sun.

Ó ní, Zoulfath, wọlé lọ di ẹrù rẹ.

Mo ní mo gbọ́, Ìyá. Mo wọlé lọ gbé e. Láti ọjọ́ Àláàdì ni mo ti dì í.